Àwọn Ẹlẹ́sẹ̀-Àjẹ̀ Inú Ìgò Kọkànlá

Malabog, Albay
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kíní, 2005

Manay Perlita, ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú òtútù o. Màmá ní kí n kọ́kọ́ kí yín kí n tó sọ ohun tó ń bí mi nínú, nítorí náà mo ti kí yín. Ara Màmá le, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ewúrẹ́ wa bí méjì. Ìròyìn ilé parí.

Àpótí yín dé ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ mọ bí àwọn ará Malabog ṣe ń ṣe tí àpótí bá ti òkè òkun dé. Kí jíìpù tó gbé e tó dúró dáadáa, èèyàn mẹ́tàlélógún ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, mo kà wọ́n. Tiyo Domeng, ẹ̀gbọ́n Bàbá wa, fi ìpàdé ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ó wá jókòó sórí àga wa tó dára jù, ó ní gẹ́gẹ́ bí Kapitan, olórí àdúgbò Malabog, ó yẹ kí ojú òun tó o. Màmá ti wọ aṣọ ìsìn. Mo gé okùn, mo ṣí i. Ìgò. Ìgò kékeré ọgọ́ta, òfìfo, tí ẹ fi bébà wé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹyin. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀n kan tó rí bí ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tí wọ́n rán mọ́ irin róbótó. Lẹ́yìn rẹ̀, awò ọlọ́wọ́ kan tó ń sọ nǹkan di ńlá. Lẹ́yìn rẹ̀, ìsàlẹ̀ àpótí.

Tiyo Domeng ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, "Perlita ti lówó débi pé afẹ́fẹ́ Jámánì ló ń fi ránṣẹ́ sí wa báyìí. Ẹ rọra ṣí i, kó má tán." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ojú títì. Màmá wọlé lọ bọ́ aṣọ ìsìn.

Mo ka lẹ́tà tó wà nínú àwọ̀n. Ẹ ní kí n bu omi ní ibi mẹ́rìnlá, láti adágún ńlá ìsàlẹ̀ títí dé kànga ilé ìwé àti adágún Danaw lórí òkè, kí n fi àwọ̀n sẹ́ ẹ, kí n da ohun tó bá kù sínú ìgò, kí n sì bu ọtí sí i kó má bàa jẹrà. Manay, kíláàsì mẹ́fà ni mo kà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ti kọ́ wa pé èèyàn ń kó omi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbé létí òkun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ dì mí lọ́wọ́ mú tí mo fi mọ̀ ọ́n kọ. N ó ṣe é.

Ẹ kàn sọ fún mi: kí ni mò ń lé gan-an? Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi ohun kan tí èèyàn lè wọ̀ tàbí tí èèyàn lè jẹ ránṣẹ́ sí Màmá. Kì í ṣe nítorí mi.

Àbúrò yín,
Pisto

*

Kiel, Jámánì
Ọjọ́ kejì oṣù Kejì, 2005

Pisto mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orúnkún Màmá ti rọ̀? Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, lẹ́yìn náà ojú tì mí. Mi ò rò ó pé wọ́n á ṣí i níwájú gbogbo ayé. Mo ti fi ìpara orúnkún, ẹ̀wù méjì àti ṣokoléètì ránṣẹ́ sí Màmá. Sọ fún un pé kó ṣí èyí náà níwájú Tiyo Domeng.

Ohun tí ò ń lé kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Kópépọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é níbí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀-àjẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀. Ó wà nínú gbogbo omi tí o ti lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ rí. Gbé awò sójú kí o wò ó. Èyí tí ìwo orí rẹ̀ kúrú, tó gbé àpò ẹyin méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ìran kan nìyẹn. Èyí tó rí bí ìdin, tó ń rá kiri nínú iyanrìn, ìran kejì. Ìran kẹta ni mò ń wá: ìwo orí rẹ̀ gùn tó ara rẹ̀, àpò ẹyin kan ṣoṣo ló sì gbé sábẹ́ ikùn.

Nínú ìran kẹta yìí, oríṣi méjì ló wà ní ilẹ̀ wa. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé, kò sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti rí i àfi ní erékùṣù wa. Èkejì jẹ́ àlejò, apá Amẹ́ríkà ló ti wá. Ẹsẹ̀ ìkẹyìn akọ wọn ni mo fi ń dá wọn mọ̀, bí ìkọ́ ibẹ̀ ṣe tẹ̀. Àwọn ìwé àtijọ́ ní ti ilé ló kún àwọn adágún wa nígbà kan. Mo ti wo omi láti adágún méjìlélógún, Pisto. Àlejò ni mo rí nínú gbogbo wọn. Níbi tí wọ́n bá ti kó ọmọ ẹja epìyà wá láti ibòmíràn, inú omi ẹja náà ni àlejò ń bá wọlé, tí yóò sì gba ilé lọ́wọ́ onílé.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ti ilé ṣì kù níbì kankan, àbí ó ti tán? Oṣù Kẹsàn-án ni mo gbọ́dọ̀ parí ìwé ìwádìí mi, n kò sì fẹ́ kọ "ó ti tán" láìwá a dé ilé wa.

Kọ orúkọ omi kọ̀ọ̀kan sórí bébà, kí o sì ju bébà náà sínú ìgò rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kí o fi kọ ọ́. Ọtí máa ń fọ báírò nù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Perlita

*

Malabog
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì, 2005

Manay Perlita,

Ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́tà yín dé lánàá. Àwọn ìgò ti wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá. Báírò ni mo fi kọ orúkọ wọn. Báírò tuntun ni, torí yín ni mo ṣe rà á.

Ẹ má bínú sí mi, èmi náà ò bínú sí yín pé ẹ ò tètè sọ.

Nípa ti ọtí, ìgò kékeré tí wọ́n fi ń nu egbò nìkan ni wọ́n ń tà nílùú, nítorí náà mo bẹ Tiyo Domeng kó fún mi ní ògógóró àgbọn tó sè lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó jẹ́ pé tí ẹ bá ṣáná sí i, á jó. Ó fún mi. Ṣùgbọ́n mo gbé omi odò tí mo ti sẹ́ sínú ife ọtí kan sílẹ̀ ní ilé ìdáná, kí n lọ wá ìdérí. Kí n tó padà, Tiyo ti wọlé wá kí Màmá, ó ti gbé ife dé ẹnu.

Ó ní, "Ti ọdún yìí nípọn díẹ̀."

Mo sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Ó dúró, ó bèèrè bóyá wọ́n ní egungun. Mo ní rárá. Ó mu èyí tó kù.

Mo padà sódò lọ bu òmíràn, nítorí náà ìgò mẹ́rìnlá pé.

Wàhálà kan ṣì wà níbí. Kò sẹ́ni tó gbà pé kòkòrò ni mò ń wá. Wọ́n ní wúrà tí àwọn ọmọ ogun Japan rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun àgbáyé ni, pé ẹ rí àwòrán ibẹ̀ ní Jámánì, pé omi tí mò ń bù jẹ́ ẹ̀tàn. Ibikíbi tí mo bá ti bu omi, Lando àti Ambo, àwọn ọmọ Tiyo, á ti gbẹ́ ibẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán. Ẹ̀bá kànga ilé ìwé ti di kòtò. Míìsì Olayvar tó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ bú mi bí ẹni pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ.

Mo fi awò wo àwọn ẹlẹ́sẹ̀-àjẹ̀ náà. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń fò bí ẹni tí ẹnìkan fa aṣọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Oúnjẹ mi tutù.

Pisto

*

Kiel
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta, 2005

Pisto,

Ìgò mẹ́rìnlá dé láìfọ́. Bébà mẹ́rìnlá wà nínú wọn, gbogbo wọn funfun bíi wàrà àgbọn. Mo fi iná wò ó, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Kò sí ohun kan níbẹ̀.

Mo fúnra mi fi nọ́ńbà sí wọn bí mo ṣe ń tú wọn. Ìgò kìíní dé ìkẹwàá: ìran méjì àkọ́kọ́ àti àlejò. Mo ti ń palẹ̀ mọ́. Mo ṣí ìkọkànlá torí pé mẹ́rin ṣì kù. Pisto, akọ méje, abo mọ́kàndínlógún, ìkọ́ ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ìwé àtijọ́ ṣe yà á. Ti ilé ni, nínú ìgò yẹn nìkan. Mo pe ọ̀jọ̀gbọ́n mi, ó wò ó, ó sì jókòó. Ọkùnrin náà kì í jókòó níwájú akẹ́kọ̀ọ́.

Ó wà láàyè. Ó wà ní ìtòsí ilé wa. N kò sì mọ ibi tó wà. N kò lè fi sórí àwòrán ilẹ̀ pé "omi kan ní Malabog". Bí n kò bá lè sọ omi náà, bí ẹni pé n kò rí i ni.

Jọ̀ọ́, jókòó kí o rántí. Inú ìgò náà mọ́, ewé kékeré bíi mélòó kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibo ni o ti bù ú? Bí o bá tilẹ̀ rò pé o mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ sí mi. Dá mi lóhùn kíákíá.

Manay rẹ

*

Malabog
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin, 2005

Manay,

Ẹ kú ìdúró. Ẹ ní kí n rántí. Mi ò rántí. Ewé bọ́ sínú ibi mẹ́jọ nínú mẹ́rìnlá. Ẹ ní bí mo bá tilẹ̀ rò pé mo mọ̀ ọ́n, kí n kọ ọ́. Mi ò ní kọ ọ́. Bí mo bá ní odò ni, tí kì í sì í ṣe odò, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, irọ́ tèmi á wá máa jẹ́ orúkọ yín. Ẹ lè bínú.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo tún ń bu gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́sàn-án ti tán, pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́. Míìsì Olayvar ti dárí jì mí lẹ́yìn tí mo di kòtò rẹ̀, ó ń jẹ́ kí n lo maikirosíkóòpù ilé ìwé ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti mọ akọ yàtọ̀ sí abo báyìí. Akọ ni ìwo rẹ̀ ọ̀tún wú láàárín, ó fi ń di abo mú. Míìsì ní kí n má sọ ìyẹn fáwọn ọmọ kíláàsì mẹ́rin.

Màmá gba ẹrù yín. Ó ṣí i níwájú Tiyo Domeng, ó fún un ní ṣokoléètì ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré. Ìtìjú ọjọ́ tí a ṣí ìgò ti wẹ̀ nù.

Ìròyìn kan tí ẹ ó fẹ́ gbọ́: ọdún San Isidro, ẹni mímọ́ àdúgbò wa, ti ọdún yìí yóò tóbi. Tiyo ti gba ọmọ ẹja epìyà ẹgbàáwàá láti ibi tí wọ́n ti ń sìn wọ́n létí adágún ńlá. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún, ilé kọ̀ọ̀kan yóò gbé àpò ẹja tirẹ̀ tẹ̀lé ère San Isidro gun òkè, Padre Anselmo, àlùfáà wa, yóò súre sí wọn, wọn yóò sì dà wọ́n sí Danaw. Alákòóso ìlú náà ń bọ̀. Tiyo ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sórí, àwọn adìyẹ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tán.

Pisto

*

Kiel
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹrin, 2005

Pisto,

N kò kí ọ, má bínú. Ọ̀nà kíákíá ni mo fi lẹ́tà yìí gbà. Mo pe tẹlifóònù ilé ìtajà tó wà ní oríta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Má jẹ́ kí wọ́n da ẹja yẹn sínú Danaw kí o tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Adágún ńlá kún fún àlejò. Àpò ẹja kan ṣoṣo ti tó. Abo kan tó gbé ẹyin, nínú ife omi kan, ti tó. Bẹ Tiyo Domeng. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o bẹ̀ ẹ́. Kó kàn sún un síwájú ni.

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló kù. Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí yára ju ẹja lọ.

Perlita

*

Malabog
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, 2005

Manay Perlita,

N kò tíì gbọ́ ohùn yín. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ti rí mi títí ojú mi sú u. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti ń mi orí.

Danaw ni. Ìgò kọkànlá yín, Danaw ni. Mo ti wo gbogbo mẹ́rìnlá. Níbi tí ìran kẹta wà, àlejò ni, àfi níbẹ̀ nìkan. Mo bù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọjọ́ mẹ́ta, Míìsì Olayvar náà wò ó, ó fọwọ́ sí ìwé. Mo ń yọ̀ bọ̀ láti orí òkè, ìgbà tí mo dé ìdajì ọ̀nà ni mo rántí ẹja. Mo jókòó sórí òkúta kan.

Lẹ́yìn náà mo lọ bá Tiyo. Ó wà lẹ́yìn ilé, ó ń fá irùngbọ̀n.

Mo ní, "Tiyo, ẹ má da ẹja yẹn sí Danaw."

"Ẹ káàárọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ."

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ má da ẹja yẹn sí Danaw."

"Kí ló dé?"

"Ẹlẹ́sẹ̀-àjẹ̀ tilé wa wà níbẹ̀. Kò sí níbòmíràn mọ́. Àlejò inú omi ẹja yẹn á lé e jáde."

"Èyí tí mo mu yẹn?"

"Òun kọ́. Todò lẹ mu."

Ó nu ọṣẹ kúrò létí. "Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?"

"Rárá."

"Wọ́n ń tà á?"

"Rárá."

"Ó ń kọrin ni?"

"Rárá."

Ó ní, "Pisto, ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni mo ṣèlérí ẹja fún. Ṣé kí n wá dúró níwájú alákòóso ìlú, kí n ní a ò da ẹja mọ́ nítorí kòkòrò tó dà bí iná orí?"

"Ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ má dà á."

"Ta ló ń jẹ́ ìwọ?"

Mo ní bó bá dà á, n kò ní gbé ère San Isidro lọ́dún yìí. Ẹ mọ̀ pé ejìká mi ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Tiyo ní ejìká pọ̀ ní Malabog. Ó sì padà sídìí irùngbọ̀n rẹ̀.

N kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rò ó. Ẹ kọ̀wé.

Pisto

*

Malabog
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún, 2005

Manay,

Ẹ kú ìfojúsọ́nà. Lẹ́tà kíákíá yín dé lánàá, ọjọ́ kejì ọdún. Ẹja ló yára jù. N ó sọ bó ṣe lọ, n kò sì ní fi ohun kan pamọ́.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdé tó ṣáájú ọdún, Màmá lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pé kí n lọ bá wọn nu ère, pé ìjà èmi àti Tiyo kò kan San Isidro. Mò ń fi aṣọ nu ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí ohun tó wà níbẹ̀: akọ màlúù méjì, ohun ìtúlẹ̀, ìdì ìrẹsì. Padre Anselmo wà lórí àkàsọ̀, ó ń so òdòdó.

Mo ní, "Padre, iṣẹ́ wo ni San Isidro ṣe láyé?"

"Àgbẹ̀ ni. Pisto, o ti dàgbà jù láti máa bi mí ní ìyẹn."

"Kí ni àgbẹ̀ ń lọ ṣe lórí adágún?"

Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ó wo ère náà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé. Ó ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé e gun òkè, nígbà tí Tiyo fẹ́ kí àwọn àlejò rí adágún. Tẹ́lẹ̀, oko ìrẹsì ni wọ́n ń gbé e yí ká.

Mo délé, mo sọ ọ́ fún Màmá. Màmá ni mo rò pé yóò bú mi. Òun ló wá sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, inú oko ìrẹsì ni wọ́n ti ń mú ẹja, pé ẹja ń jẹ kòkòrò, ó ń sanra, wọ́n á sì mú un nígbà ìkórè. Manay, ẹ mọ ibi tí omi oko ìrẹsì wa ń ṣàn lọ. Ìsàlẹ̀ ni, sínú adágún ńlá tí àlejò ti wà tẹ́lẹ̀. Kò sí omi tó ń gun òkè lọ sí Danaw.

Ìpàdé àdúgbò wáyé lọ́jọ́ Jímọ̀. Padre sọ ti àgbẹ̀. Tiyo ní a ti ń gun òkè, a ó sì máa gùn ún. Ni Màmá dìde pẹ̀lú orúnkún rẹ̀.

Ó ní, "Domeng, ìbéèrè kékeré kan ni. Ọkọ̀ ojú omi mélòó ló wà ní Danaw?"

Tiyo ní, "Méjì."

"Ta ló ni wọ́n?"

Gbogbo ilé mọ̀ pé Lando àti Ambo ló ni wọ́n. Gbogbo ilé sì yíjú sí wọn. Obìnrin kan lẹ́yìn ní, "Àwa á wá máa gbé ẹja wọn gun òkè fún wọn?" Ariwo ta. Wọ́n ní oko ìrẹsì, oko ìrẹsì ni ẹja ń lọ, ẹ̀yìnkùlé kálukú. Tiyo jókòó, ó nu iwájú orí, lẹ́yìn náà ó ní òun náà ti ń rò ó, nítorí alákòóso ìlú ní orúnkún tí kò dára, kò sì yẹ kí a jẹ́ kí ọkùnrin náà gun òkè. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Mo gbé ère náà. Alákòóso rẹ́rìn-ín jákèjádò oko. Tiyo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ́ sórí, kò kàn pe adágún mọ́, oko ló ń pè é.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń pín ẹja, mo ka àpò, méjì kò sí. Mo wá Lando, mo wá Ambo. Wọn kò sí. Mo sáré gun òkè. Mo bá wọn nítòsí etí omi. Mo di ẹ̀wù Lando mú, ó yí padà, àpò ọwọ́ rẹ̀ bọ́ lulẹ̀, ó bẹ́. Omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, síhà adágún. Mo wólẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì ń wa ilẹ̀, mo ń kó o dí i. Ambo rí mi tí mò ń gbẹ́ ilẹ̀. Ó gbé àpò tirẹ̀ kọ́ ẹ̀ka igi, ó wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gbẹ́ jù mí lọ, ó ń sọ pé, "Mo mọ̀, mo mọ̀ pé ibí ni." Láàárín wa, a mọ ògiri tó ga dé orúnkún. N kò sọ fún un pé kò sí wúrà títí omi fi wọlẹ̀ tán. Àpò kejì, mo gbé e padà wá sí oko.

Mo wọn ọ̀nà náà: ẹsẹ̀ mọ́kànlá láti ibi tí àpò ti bẹ́ sí etí Danaw. Mo rò pé kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí i dájú, n kò sì ní sọ pé mo rí i. N ó máa bu omi Danaw lọ́sẹ̀ méjì-méjì, n ó máa fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ wò ó, kí ẹ sọ fún mi, bó bá tilẹ̀ burú.

Pisto

*

Kiel
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ, 2005

Pisto mi,

Ṣé ara gbogbo yín le? Mo mọ̀ pé mo pẹ́, mo mọ̀ pé o ti ń ro ohun tí kò dára. N kò fẹ́ kọ̀wé kí n tó ka gbogbo rẹ̀.

Ìgò márùn-ún ti Danaw ló wà níwájú mi, pẹ́ńsùlù lórí bébà, ó hàn ketekete. Mo ka gbogbo ohun tó wà nínú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe pé mo mú díẹ̀ wò. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọgọ́rùn-ún àti mẹ́fà ti ilé. Àlejò, kò sí. Bí ó bá ti wọlé lóṣù Karùn-ún, n bá ti rí i báyìí. Ògiri rẹ àti ti Ambo ṣiṣẹ́.

Mo ti fi Danaw sórí àwòrán ilẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ka ibi tí mo kọ ọ́ sí, ó ní ta ni ẹni tó tún bu omi mẹ́rìnlá nígbà tí ì bá kàn fojú bù ú. Mo ní àbúrò mi ni. Ó ní kí n kọ orúkọ rẹ sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Kì í ṣe sí ojú ewé ọpẹ́. N kò bá ọ sọ ọ́, mo ti kọ ọ́. Nígbà tí o kọ̀ láti fojú bù ú, inú bí mi fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì pè ọ́ ní olóríkunkun létí ẹni tí kò gbọ́ èdè wa. Jọ̀ọ́, má ṣíwọ́.

Ṣùgbọ́n mo ṣì ń bẹ̀rù. Ọdún yìí lọ. Ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ló lè gbé àpò kan gun òkè, o kò sì lè sùn sí etí omi.

Manay rẹ,
Perlita

*

Malabog
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án, 2005

Manay Perlita,

Ẹ kú oríire ìwé. Màmá ti fi lẹ́tà yín han gbogbo ẹni tó wà lọ́jọ́ tí a ṣí àpótí, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Orúnkún rẹ̀ ti san lójijì.

Wọ́n ti ń kórè. Ẹja inú oko ti tó àtẹ́lẹwọ́ mi, àwọn kan jù bẹ́ẹ̀. A sè é nínú wàrà àgbọn pẹ̀lú ata lánàá, Tiyo Domeng jẹ mẹ́ta. Ó ń sọ fáwọn ará àdúgbò kejì pé òun ló ronú oko ìrẹsì. N kò bá a jiyàn. Ẹ rí i pé mo ń yí padà.

Ní ti ìbẹ̀rù yín, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun Tiyo ní òun fẹ́ rí ohun tí Padre, Màmá àti gbogbo Jámánì ń tìtorí rẹ̀ dá òun láàmú. A gun òkè. Ó sinmi lẹ́ẹ̀márùn-ún. Mo bu omi sínú ìgò, mo gbé awò fún un. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Èyí tó gbé ẹrù sábẹ́ ikùn yìí ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyá ni. Ẹyin rẹ̀ ni."

"Kò sì sí níbòmíràn?"

"Wọn ò tíì rí i níbòmíràn."

Ó tún wò ó. Ó ní, "Ó kéré sí ìjà tí a jà." Ṣùgbọ́n kò dá awò padà.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin kan fi gun alùpùpù dé láti ìlú. Ó gbé àpò omi kan lọ́wọ́, ẹja pupa mẹ́rin wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń sìn nínú ilé. Ó ní wọ́n ti tóbi ju àpótí gíláàsì òun lọ, pé òun fẹ́ fún wọn lómìnira. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Mo dìde. Kí n tó la ẹnu, Tiyo ti dúró síwájú rẹ̀, ó ti ti ẹ̀wù bọ ṣòkòtò bí ìgbà tó bá fẹ́ ṣèpàdé.

Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, omi yìí ní onílé."

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Níbo ni wọ́n wà?"

"Inú ibẹ̀. Orúkọ wọn wà nínú ìwé ní Jámánì. Wọn kì í gba àlejò. Èmi ni Kapitan wọn."

Ọkùnrin náà wò mí, bóyá kí n ran òun lọ́wọ́. Mo gba àpò ẹja rẹ̀, mo wò ó bóyá ó ń jò, mo sì bá a dì í mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù dáadáa kó má bàa dà lọ́nà.

Pisto